Ojú ọjọ́ ayé àwọn baba ńlá wa: níbo la ti ń rí i nínú ìwé ìròyìn àtijọ́?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ ìlú tí àwọn òbí bàbá mi àgbà ti ṣègbéyàwó, mo sì mọ ọdún rẹ̀: 1887. Mo fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ "òjò" síbi ìwáǹkan àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ lórí ìkànnì, ìjì àti àgbàrá tó wó ilé nìkan ló ń jáde. Báwo la ṣe ń rí ti ojoojúmọ́?

Ìdáhùn 1
Ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ kì í wọ ìròyìn, ìdí nìyẹn. Inú ìròyìn ohun mìíràn ni ojú ọjọ́ lásán máa ń wà. Ẹ ka ìròyìn ọjà, ẹ ó rí i pé ọkà kò dé nítorí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà. Ẹ ka ti èbúté, níbi tí ọkọ̀ ti dúró de afẹ́fẹ́, àti ti eré ìje tí wọ́n sún síwájú. Ní èdè tí wọ́n fi tẹ ìwé ìròyìn náà, ẹ wá ẹrẹ̀, eruku, kùrukùru, ìkórè, odò tó gbẹ. Kọ̀ǹpútà sì máa ń ṣi lẹ́tà àti nọ́ńbà àtijọ́ kà, 3 àti 8 pàápàá, nítorí náà ẹ fi ojú ara yín ka gbogbo ojú ìwé, láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó títí dé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdáhùn 2
Déètì ló ń ṣini lọ́nà jù. Ìwé ìròyìn àárọ̀ Ọjọ́rú, ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń sọ. Èyí tó ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè máa sọ ti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ẹ má sì ka àsọtẹ́lẹ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. The Times ti London ti tẹ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, àbá lásán sì ni títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi mọ́.

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà, ẹ wo wákàtí tí wọ́n kà á: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọ́ ni oòrùn ń mú jù. 68 Fahrenheit: ẹ yọ 32, ó ku 36, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5, ẹ pín in sí 9, ó di 20 Celsius. Íńṣì òjò kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Tẹmómítà tí wọ́n gbé kọ́ ògiri tí oòrùn ń pa, ẹ fi sílẹ̀. Ooru ògiri ló ń sọ, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́.

Ìdáhùn 3
Mo fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ fi kún un pé àwọn ìwé ìròyìn máa ń da ọ̀rọ̀ ara wọn kọ. Bí gbólóhùn kan náà bá wà nínú méjì, ẹ̀rí kan ṣoṣo ni. Tí ìlú tí wọ́n ti ka tẹmómítà bá sì wà lórí òkè, ẹ rántí pé ní ìpíndọ́gba, afẹ́fẹ́ ń fi bíi 6.5 Celsius tutù sí i fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Ti òjò kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ó lè rọ̀ ní ìlú kan kó má kan èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ìwé ìròyìn tó súnmọ́ jù ni kí ẹ gbára lé.