Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Gödöllő rí, ẹ wá sọ tiyín

Àjàní_Ọ̀ṣun: Ẹ kú ilé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba admíṣọ̀n sí yunifásítì tó wà ní Gödöllő, lẹ́bàá Budapest, ní Hungary. Wọ́n ní ìlú kékeré ni. Kí ni ojú yín rí níbẹ̀?

Ìyá Bẹ́ẹ̀jì: Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ìlù ṣọ́ọ̀ṣì lóru, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko mi ò rí oorun sùn.

Báyọ̀ Gbégbé: Ti tíkẹ́ẹ̀tì lèmi ò lè gbàgbé. Mo wọ rélùwéè Gödöllő ní Örs vezér tere nínú Budapest, páàsì Budapest wà lápò mi, mo bá jókòó bí ọmọ ọlọ́lá, mi ò mọ̀ pé nígbà yẹn páàsì ọ̀hún ò ṣiṣẹ́ kọjá ààlà Budapest, àfi kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì kún un. Bí ayẹtíkẹ́ẹ̀tìwò ṣe dé nìyẹn o, ó ń sọ èdè wọn, mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó yá mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi", mo ṣáà sanwó ìtanràn.

Kúnlé: "Ẹ ṣàánú mi" ní Hungary 😂😂😂

Dúpẹ́: Èmi ò rí orúkọ yẹn pè títí mo fi kúrò. Gódólò ni mò ń pè é.

Àbẹ̀kẹ́: Àjàní, lọ wo ààfin Grassalkovich. 1867 ni wọ́n fi ta Ọba Franz Joseph àti ìyàwó ẹ̀ Elisabeth lọ́rẹ, nígbà tí wọ́n dé wọn ládé. Sisi ni wọ́n ń pe obìnrin yẹn, ìfẹ́ ẹṣin gígùn ló ń gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, sójà Soviet kó wọbẹ̀, wọ́n tún fi apá kan ṣe ilé arúgbó.

Kúnlé: Ààfin wo ni wọ́n fi ṣe ilé arúgbó? Irọ́ lèyí.

Àbẹ̀kẹ́: Wọ ọkọ̀ lọ bi wọ́n.

Báyọ̀ Gbégbé: Mogyoród ni tèmi, kò jìnnà síbẹ̀. Hungaroring, pápá eré ọkọ̀, wà níbẹ̀, láti 1986 ni F1 ti ń sáré níbẹ̀. Owó ìwọlé ju owó oúnjẹ oṣù mi lọ, ìta ni mo dúró sí tí mò ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì.

Dúpẹ́: Ìwọ àti tíkẹ́ẹ̀tì ṣá.

Ìyá Bẹ́ẹ̀jì: Ẹ ò sọ̀rọ̀ lángos! Pọfupọ́ọ̀fù tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ ni, wọ́n á fi ayù àti wàrà kíkan sí i, wọ́n á wá bu ṣíìsì lé e.

Kúnlé: Mọ̀mọ́, pọfupọ́ọ̀fù kì í jẹ ṣíìsì. Búrẹ́dì díndín lẹ jẹ.

Ìyá Bẹ́ẹ̀jì: Ìwọ tó ò débẹ̀ rí?

Àjàní_Ọ̀ṣun: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè rí ata rodo rà níbẹ̀?

Báyọ̀ Gbégbé: Budapest lo máa lọ. Ra tíkẹ́ẹ̀tì o.