Gymnastics ẹlẹ́ni méjì fún praimárì kejì: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tísà Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Iléṣà níbí ni mo ti ń kọ́ praimárì kejì, ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ọmọ 42 ni wọ́n, ìṣẹ́jú 35 sì ni PHE wa, ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera. Mo fẹ́ kọ́ wọn ní gymnastics ẹlẹ́ni méjì ní táàmù yìí: kí ọmọ méjì di ara wọn mú, kí wọ́n jọ dúró láìṣubú, títí débi tí ọ̀kan á fi gun èkejì díẹ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ méje la ní, koríko sì wà ní pápá wa. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Báwo ni mo ṣe máa pín wọn ní méjì-méjì? Níbo ló yẹ kí n ti dá a dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa.

Kóòṣì Ifẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, Àǹtí. Kí ọmọ tó lè gbé ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ lè mú ara tirẹ̀ le. Ẹ ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí fóòmù, kó na ẹsẹ̀, kó lẹ ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó mú ikùn àti ìdí le. Ẹ di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ rọra gbé e sókè, kó má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Bí ìdí bá bá ẹsẹ̀ gbéra, ara ti le nìyẹn. Bí ìdí bá wà nílẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló ká wá sókè, kò tíì tó. Ọmọ tí kò tíì lè ṣe èyí, ẹ má jẹ́ kó gun ẹnikẹ́ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ ló kàn. Kí wọ́n kọjú síra, kí ìka ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kí oníkálùkù di ọrùn ọwọ́ ẹnìkejì mú. Ọrùn ọwọ́ ni mo wí o, kì í ṣe ìka. Ìka tó ti làágùn máa ń yọ̀, bó bá sì yọ̀, àwọn méjèèjì á fìdí balẹ̀, ìpàkọ́ lè tẹ̀lé e. Kí apá wọn nà tán, kí wọ́n jọ fara sẹ́yìn, kí wọ́n máa ká orúnkún bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga. Wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á jọ dìde. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jáwọ́ àfi ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti nàró.

Àṣìṣe tí ẹ máa rí jù níbẹ̀ ni ti ọmọ tó yọ ìdí sẹ́yìn tó tẹ àyà síwájú. Lójú yín, á dà bíi pé ó fara sẹ́yìn, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sí nǹkan tó di ẹnìkejì mú. Ẹ ní kó gbé àyà sókè, kó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lọmọ tó ká ìgúnpá tó sọ ọ́ di ìfagagbága: apá gbọ́dọ̀ nà.

Ẹ̀yìn-sí-ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀: kí wọ́n jókòó, kí ẹ̀yìn wọn kanra, kí wọ́n fa gìgísẹ̀ súnmọ́ ìdí, kí wọ́n ti ara wọn dìde. Bí ẹsẹ̀ bá jìnnà sí ìdí, á máa yọ̀ ni, wọn ò ní lè dìde.

Tábìlì ló kẹ́yìn. Ọmọ ìsàlẹ̀ á kúnlẹ̀, á fọwọ́ tilẹ̀: ọwọ́ wà lábẹ́ èjìká gan-an, orúnkún wà lábẹ́ ìbàdí, ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ, ìka ọwọ́ yà, ó kọjú síwájú. Ibi méjì péré ni ọmọ òkè lè tẹ̀: èjìká àti egungun ìbàdí. Àárín ẹ̀yìn, èèwọ̀. Apá wà lábẹ́ èjìká, itan wà lábẹ́ ìbàdí, ìwọ̀n á gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀ tààrà. Kò sí ohun tó dúró lábẹ́ àárín ẹ̀yìn. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ náà ló máa tẹ̀ sísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ òkè á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé èjìká ọmọ ìsàlẹ̀, á na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ìyẹn náà ti tó. Tó bá yá, á fọwọ́ tilẹ̀ fúnra rẹ̀, á gbé ojúgun lé ìbàdí ọmọ ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ á nà gbọnrangandan. Ìgbẹ̀yìn ni kó gbé ọwọ́ lé èjìká, orúnkún lé ìbàdí, kí àwọn méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré. Ọ̀nà tó gbà gùn ló máa gbà sọ̀: ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ọwọ́ gbẹ̀yìn. Kò gbọ́dọ̀ fò bọ́ sílẹ̀, torí ìgbà tó bá fò ló máa ta ọmọ ìsàlẹ̀ nù.

Ẹ dá a dúró síbẹ̀ fún praimárì kejì. Kò sí ìdúró lórí ẹ̀yìn, kò sí gígun èjìká. Ọmọ tó ti rí àwọn tó ń tàkìtì lọ́jọ́ ọdún eégún á fẹ́ dán an wò. Ẹ ti kìlọ̀ fún un kí ẹ tó jáde.

Màmá Pápá

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilẹ̀ àti aṣọ kún un. Ẹní lásán lórí sìmẹ́ńtì máa ń sá lábẹ́ ọwọ́, ẹ má lò ó. Fóòmù ibùsùn tó nípọn náà ò dáa fún tábìlì: ọrùn ọwọ́ ọmọ ìsàlẹ̀ á rì, ọmọ òkè á sì máa mì. Èyí tó le, tí kò ju ínṣì méjì lọ, ló dáa. Tí ẹ bá máa lo koríko, ẹ rìn ín já kí àwọn ọmọ tó dé: òkúta, ìgò fífọ́, ìjàlọ. Ẹ dúró kí ìrì gbẹ, torí koríko tútù máa ń yọ̀.

Ẹsẹ̀ lásán ni kí gbogbo wọn wà, kò gbọ́dọ̀ sí ìbọ̀sẹ̀. Kí wọ́n bọ́ yẹtí, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi dirun lè gbá ẹnìkejì lójú, ẹ fi aṣọ wé e. Kí àwọn obìnrin wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ yúnifọ́ọ̀mù. Híjáàbù kò burú, àmọ́ kó má ní píìnì, kí wọ́n ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù. Ẹ má sì ṣe é kété tí wọ́n bá jẹun tán.

Bọ̀dá Gbọ̀ngán

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi á fi ọmọ kẹta kún un, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gbá ọmọ òkè mú tó bá fẹ́ ṣubú.

Kóòṣì Ifẹ̀

Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìyẹn fún ọjọ́ orí yìí. Ọmọ ọdún méje ò lè gbá ọmọ ọdún méje mú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa jọ lọlẹ̀. Ọmọ kẹta lè máa kà, kó sì máa wò ó bóyá ọwọ́ wà lórí èjìká. Tísà ni kó gbá ni mú: kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ kan ní apá ọmọ òkè, ọwọ́ kejì ní ìbàdí rẹ̀.

Àǹtí, nípa àkókò yín: ọmọ 42 jẹ́ méjì-méjì 21. Ẹ pín wọn sọ́nà mẹ́ta, méje-méje. Méje wà lórí fóòmù lọ́dọ̀ yín fún tábìlì, méje ń ṣe ìfàsẹ́yìn (èyí tí wọ́n ti di ọrùn ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n jọ fara sẹ́yìn) lórí koríko, méje ń ṣe dígí, ìyẹn ni pé ohun tí ọ̀kan bá ṣe lèkejì á ṣe. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìnara, mẹ́jọ-mẹ́jọ fún ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́fà tó kù fún àfihàn àti kíkó ẹrù. Ẹ to fóòmù bí ìlàjì òṣùpá, kí ẹ lè máa rí gbogbo pápá. Lórí fóòmù, méjì-méjì kan ni kó máa gùn lẹ́ẹ̀kan, níṣojú yín. Kí àwọn tó kù máa ṣe tábìlì láìsí ẹni lórí.

Tísà Ìjẹ̀ṣà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ku ẹyọ kan: ọmọ kan tóbi ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni kí n fi í tì? Òmíràn sì ní sickle cell.

Kóòṣì Ifẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yan ara wọn rárá. Ẹ kọ orúkọ wọn ní méjì-méjì sínú ìwé láti kíláàsì, ẹni tí gíga àti ìwọ̀n wọn súnmọ́ra. Ọmọ tó tóbi yẹn, ẹ fi ẹni tó tẹ̀lé e tì í. Ìsàlẹ̀ tábìlì ni kó máa wà, ẹ sì sọ ọ́ sétí gbogbo kíláàsì pé ọmọ ìsàlẹ̀ ló ń gbé eré ró. Tí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn ún, kó dìde kó gbọn ọwọ́; ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó lọ́jọ́ kan.

Ẹ bá òbí ẹni tó ní sickle cell sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ó lè ṣe ìfàsẹ́yìn àti dígí, àmọ́ kó máa mu omi, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kí òtútù má sì mú un láàárọ̀ ọyẹ́. Bí ọmọ èyíkéyìí bá fi orí tàbí ọrùn balẹ̀, ẹ má gbé e dìde, ẹ má yí ọrùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, kí ẹnìkan dúró tì í, kí ẹlòmíràn sì pe àwọn elétò ìlera.