Fáìlì báìtì 20: kí ni ojú yín ti rí lọ́wọ́ server, láísẹ́ǹsì àti backup?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ tí nǹkan bá ń lọ déédéé là ń sọ nípa server wa (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà fún ọ̀pọ̀ èèyàn), a kì í sọ ọjọ́ tó dójú tì wá. Mo fẹ́ ká sọ ti ọjọ́ yẹn níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Èmi ni mò ń bójú tó server fún ẹgbẹ́ kan tí èrò rẹ̀ pọ̀. Orúkọ wọn, ọjọ́ ìbí wọn, owó tí kálukú ti san, inú database MySQL kan (àkójọ dátà tó wà ní tábìlì-tábìlì) ni gbogbo rẹ̀ wà, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Díìsìkì méjì tó ń gba ohun kan náà sílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ náà, èyí tí à ń pè ní RAID 1. Mo sì ti kọ script, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé fúnra rẹ̀, tó ń ṣe backup, ẹ̀dà dátà tí à ń fi pa mọ́, ní aago méjì òru lójoojúmọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bá bi mí pé ṣé a ní backup, kò tíì ní parí ọ̀rọ̀ tí mo ti máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí pé àwọn ò rí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wọlé, mo bá tábìlì tó ṣe pàtàkì jù lọ lófìfo. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ pa àkọsílẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo rẹ́, ó kọ àṣẹ ìparẹ́ DELETE, ó gbàgbé WHERE tó ń sọ èyí tí wọ́n máa pa. Mi ò bínú sí i, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti fojú ara mi rí ohun tí wọ́n ti ń sọ tipẹ́, pé RAID kì í ṣe backup. Bí àṣẹ ìparẹ́ ṣe dé díìsìkì kìíní ló dé ìkejì. RAID lè gbà ọ́ lọ́wọ́ díìsìkì tó kú. Kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ.

Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé backup. Mo ṣí fódà rẹ̀. Fáìlì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, déètì wọn tò tẹ̀léra wọn láìsí èyí tó fò. Mo wá tẹ ls -l kí n lè rí bí wọ́n ṣe tóbi tó. Ti àná, 20. Ti ìjẹta, 20. Mo wò ó lọ sókè: 20, 20, 20. Kì í ṣe gígábáìtì, kì í ṣe mẹ́gábáìtì. Báìtì 20. Àyà mi já. Mo tún àṣẹ náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, bíi pé àtúntẹ̀ ló máa mú dátà padà wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù méje ṣáájú, a yí password database padà nítorí ààbò. Ohun tó dáa la ṣe. Àmọ́ password àtijọ́ ṣì wà nínú script, mi ò rántí. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mysqldump, irinṣẹ́ tó ń kó dátà jáde nínú MySQL, ti ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un, tí kò sì rí nǹkan kan gbé jáde. gzip, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú páìpù (ìsopọ̀ tó ń gbé èsì àṣẹ kan fún èkejì) kò mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́. Ó fún òfìfo pọ̀, ó sì dé e pa: báìtì 10 fún orí, báìtì 8 fún ìdí, àti méjì láàárín tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbí. Ogún géérégé. Nínú shell, ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, tí páìpù bá so àṣẹ méjì pọ̀, èsì ti ìkẹyìn ni wọ́n ń gbà, àfi tí o bá kọ set -o pipefail sókè. Iṣẹ́ gzip yọrí sí rere, nítorí náà ni script ṣe ń jábọ̀ ní òròòru pé gbogbo nǹkan dára. Ìgbà tó lé ní igba ló jábọ̀ bẹ́ẹ̀. mysqldump ń pariwo lóòótọ́, àmọ́ àpótí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni ariwo rẹ̀ ń lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú script pé kó máa pa fáìlì tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ́, kí díìsìkì má bàa kún. Ó wá ń pa backup gidi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òfìfo dípò wọn, títí tí ojúlówó kan ò fi kù. Binary log, àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tó bá dé bá database, ì bá gbà wá, àmọ́ MySQL 5.7 là ń lò. Kì í tan binary log fúnra rẹ̀, èmi náà ò sì tàn án.

Àbúrò wa kan níbi iṣẹ́ ló kó wa yọ. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú, ó ti da database náà kọ sórí laptop rẹ̀ kó lè fi dán ìròyìn owó kan wò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù, inú ìwé ẹ̀rí owó la ti ń ṣà á jọ. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù software fún àwọn èèyàn, ní January 31, 2017, tí àwọn fúnra wọn kọ síta láìfi nǹkan kan pa mọ́. Òṣìṣẹ́ wọn kan pa dátà database rẹ́ lórí server tí kì í ṣe èyí tó rò pé òun wà, nǹkan bí 300 gígábáìtì. Ìgbà tí wọ́n yíjú sí backup ni wọ́n rí i pé ẹ̀yà pg_dump, irinṣẹ́ tó ń ṣe é, kò bá ti database mu, ó sì ti ń kùnà tipẹ́. Ímeèlì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó, wọ́n ń dá a padà lọ́nà. Ẹ̀dà tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn, ni wọ́n fi dìde. Mo kà á, omi bọ́ lójú mi. Bíi pé èmi ni wọ́n ń sọ.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: dátà tí o kò tíì fi backup dá padà wò rí, má kà á mọ́ ohun ìní rẹ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Èsì 1

Ọ̀gá, ẹ kú orí ire. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Backup mi pé, mo sì dá a padà tán. Láísẹ́ǹsì, àṣẹ láti lo software, ni kò jẹ́ kí n rí i lò.

Software ìṣirò owó ni. Ilé iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti rà á pa, lórí ìwé pé títí láé ni. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ so mọ́ nọ́ńbà MAC tó wà lára káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì server. Nígbà tí motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, jó, a gbé ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀, mo da gbogbo fáìlì padà, mo ṣí software náà, ó ní òun ò mọ ẹ̀rọ yìí. Mo pe àwọn tó tà á. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti rà wọ́n. Àwọn yẹn ní ẹ̀yà tiwa ti kásẹ̀ nílẹ̀, ká kọ́kọ́ wá máa sanwó lọ́dọọdún kí wọ́n tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Mo wá fara balẹ̀ ka ìwé tí a fọwọ́ sí. "Títí láé" tí wọ́n kọ síbẹ̀, orí ẹ̀rọ yẹn nìkan ni. Kò sì sí software mìíràn láyé tó lè ka fáìlì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró, a sì san án.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ yín. Dátà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a kàn ń bá wọn pa á mọ́ ni. Ẹ wo ti VMware, software tó ń pín ẹ̀rọ kan sí ọ̀pọ̀: ilé iṣẹ́ Broadcom rà á ní November 2023, nígbà tó fi máa di December, wọn ò ta láísẹ́ǹsì àrà-pa mọ́.

Mi ò ní kí gbogbo èèyàn sá lọ sí open source, software tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí wọ́n sì sùn o. Èmi náà wà níbẹ̀ ní December 2020 nígbà tí wọ́n ní CentOS 8, ẹ̀yà Linux ọ̀fẹ́ kan, máa parí ní òpin 2021, èyí tí a ti ń fi 2029 ṣètò lé lórí. Redis, database kan, náà fi láísẹ́ǹsì BSD, tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo kóòdù náà, sílẹ̀ ní March 2024. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí tí wọ́n bá ti fi BSD gbé jáde, wọn ò lè gbà á padà. Àwọn èèyàn mú ẹ̀yà tó gbẹ̀yìn, wọ́n sọ ọ́ ní Valkey, iṣẹ́ ń lọ. Ní ti ilé iṣẹ́ wa, kí la fẹ́ mú? Ní báyìí, òpin oṣù kò ní kọjá kí n má kó gbogbo rẹ̀ jáde sí CSV, fáìlì tí ọ̀pọ̀ software lè kà, bó ti wù kí software náà dùn ún lò tó.

Èsì 2

Ẹni tó ń gba server wa sọ́dọ̀ ṣèlérí pé server á máa ṣiṣẹ́ fún 99.9% àkókò. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án lọ́dún tí server lè kú láìjẹ́ pé wọ́n yẹ àdéhùn. Tiwa kú fún wákàtí mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí àdéhùn fún wa ni ẹ̀dínwó lórí owó oṣù yẹn. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ní wákàtí mẹ́rìnlá, kò sí lábẹ́ àdéhùn rárá. Ẹ máa ka abala yẹn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Èsì 3

Èmi ò ní pẹ́. MongoDB, database kan, ni mo gbé sórí server kan láti fi dán nǹkan wò, láìsí password, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wò ó. January 2017 ni. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n fi lẹ́tà kan sílẹ̀ pé kí n san bitcoin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún la jẹ́ tí wọ́n ṣe é fún lóṣù yẹn. Ẹ̀yà 3.6 ló sọ ọ́ di localhost nìkan, ìyẹn pé inú ẹ̀rọ náà nìkan ni wọ́n ti lè wọ̀ ọ́, bí èèyàn kò bá yí i padà.

Mo ní ẹ̀dà rẹ̀, nítorí náà mi ò pàdánù ìlà kan. Àmọ́ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn gidi ni mo fi ń dán nǹkan wò. Backup wo ló fẹ́ dá ìyẹn padà? Mo kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan dá mi lóhùn pé, "Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ yín ni nọ́ńbà mi wà." Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi.

Èsì 4

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, báwo lẹ ṣe ń dán ìdápadà wò? Tiwa tóbi, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ da èyí tó wà láàyè rú.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Má dá a sórí èyí tó wà láàyè láé. Ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń dá virtual machine tuntun sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tí software ṣe nínú kọ̀ǹpútà, tí kò mọ nǹkan kan, tí kò sì lè bá ti gidi sọ̀rọ̀. Backup àná ni màá dà sí i. Màá ka iye ìlà inú tábìlì kọ̀ọ̀kan, màá wo déètì tó tuntun jù, màá fi wé ti gidi, màá sì kọ àkókò tó gbà sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ gbà mí ní wákàtí mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, wákàtí kan ni mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀gá tipẹ́ pé ó máa gbà. Script náà ti ń wo bí fáìlì ṣe tóbi tó báyìí. Tó bá kéré sí ìdajì ti àná, ó ń pe fóònù mi. Ẹ̀dà kan wà nílé mìíràn pátápátá, torí pé nígbà tí iná jó ibùdó server ilé iṣẹ́ OVH ní Strasbourg ní March 10, 2021, àwọn kan wà tí backup wọn bá server wọn jóná pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ sọ ti láísẹ́ǹsì, mo ti ń fi fáìlì láísẹ́ǹsì àti installer sínú backup báyìí. Ẹ ṣeun.

Èsì 3 ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo wá rí i pé ẹ̀dà tó gbà mí là yẹn, kò yẹ kó wà níbẹ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo èrò yẹn, lórí laptop tí kò ní encryption, ìyẹn ohun tó ń ti dátà pa mọ́ ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tó ń bá àbúrò wa lọ bá a bọ̀. Mo sì ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà, torí ẹ̀rù ń bà mí.

Lánàá mo ní kó pa á rẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìdápadà ti oṣù yìí, mo ka iye ìlà tábìlì kọ̀ọ̀kan sí i létí, òun náà ń fi ti orí server gidi wé e. Nígbà tá a ka tábìlì tó gbẹ̀yìn tán, ó pa á rẹ́.