"Àjàṣẹ́" wà nínú fáìlì, wíwá kò rí i

Ìbéèrè, láti Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o. "Àjàṣẹ́" hàn kedere lójú ìwé, ṣùgbọ́n bí a bá wá a, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Kí ló fà á?

Èsì: Ojú ló jọra, kóòdù wọn yàtọ̀. Lẹ́tà ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ kóòdù lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹlòmíràn a tẹ U+1EB9 (ẹ) pẹ̀lú U+0301 (àmì ohùn òkè). Ẹlòmíràn a tẹ e, U+0323 (àmì tóótó ìsàlẹ̀), U+0301. Nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ lo unicodedata.normalize("NFC", …) fún fáìlì àti fún ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá, méjèèjì; NFC ló ń sọ irú kóòdù méjèèjì yẹn di ọ̀kan.

Èsì, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): Ẹ ṣeun, àmọ́ NFC nìkan kò tó o! Bí wọ́n bá fi ìlà òòró, U+0329, sábẹ́ e, NFC kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ fi U+0323 rọ́pò rẹ̀. Ẹ rántí ɛ àti ɔ tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá ní Benin níbí náà: ẹ fúnra yín ni ẹ ó pààrọ̀ wọn sí ẹ àti ọ.

Olùbéèrè, láti Kétu: U+0329 ni lóòótọ́. Ó ti ń jáde.