Afura ni ká pè é, kì í ṣe agbàròyìn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀yin tó ń kà á láti ilé, ọ̀kun o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tín-tìn-tín tó wà lójú, létí, nímú, lẹ́nu àti lára wa, àwọn tí nǹkan ayé kọ́kọ́ ń kàn kí ọpọlọ tó mọ̀ sí i. Àbúrò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló dá a sílẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi Yorùbá kọ fún wọn. Òun dábàá "agbàròyìn". Ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ̀pà ní "ògbufọ̀" ló tọ́. Àwọn kan sì ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, pé "ìmọ̀lára" ti wà ńlẹ̀ tipẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀, n kò sì fara mọ́ ọ̀kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Orí ata ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1997, David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, rí ẹnu-ọ̀nà kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ ká mọ ìrora. Wọ́n ń pè é ní TRPV1. Bí nǹkan bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹnu-ọ̀nà yìí á ṣí. Ohun tó ń mú kí ata ta náà máa ń ṣí i. Nítorí náà, bí ata rodo bá kan ahọ́n, iná ò sí níbẹ̀, ẹran ara kankan ò sì jó, ṣùgbọ́n ohun tó dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ ni pé iná wà. Julius wà lára àwọn méjì tó pín ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021. Mo wá bi àbúrò wa: bó bá jẹ́ ìròyìn ni sẹ́ẹ̀lì yìí gbà, ta ló rán an sí i? Ata ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbóná.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀, èyí tí ọmọ tó bá dàgbà sí oko ní Ìjùmú tàbí ní Yàgbà mọ̀ dáadáa: epo inú èèpo kóró kajú. Epo yẹn ń ba awọ ara jẹ́, ibi tó bá kàn á lé ròrò, á sì bó. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kan ọwọ́ ọmọ tó ń fọ́ kóró, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ náà ò ní mọ nǹkan kan. Ó di ẹ̀yìn-ò-rẹyìn kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ti ata, ara pariwo níbi tí iná ò sí. Ti kajú, ewu ti wọlé tán kí ara tó lanu. Kò sí èyí tí "agbàròyìn" ṣàlàyé nínú méjèèjì.

"Ògbufọ̀" sàn ju ìyẹn lọ, mo gbà fún ẹ̀gbọ́n wa, torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan kan ń yí padà di òmíràn. Òótọ́ ni: ìmọ́lẹ̀ wọ ojú, mànàmáná ló jáde gba ẹ̀yìn ojú lọ, ìró wọ etí, mànàmáná náà ló jáde. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ní láti gbọ́ èdè méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì ò gbọ́ ìkankan. Ẹ di ojú yín, kí ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú jẹ́jẹ́ láti orí ìpéǹpéjú: ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó kan ní òdìkejì ibi tí ẹ tẹ̀. Ìka ló kan ojú, ìmọ́lẹ̀ ni ọpọlọ rí. Johannes Müller, ará Jámánì, ti ṣàlàyé èyí láti ọ̀rúndún 19: ohunkóhun tí ìbáà ta iṣan tó ti ojú lọ sí ọpọlọ jí, ìríran ni yóò yọrí sí, ohunkóhun tí ìbáà ta ti etí jí, ìró ni. Ọ̀nà tí àmì náà gbà lọ ni ọpọlọ fi ń mọ ohun tó jẹ́. Ògbufọ̀ wo ló máa ń sọ "ìmọ́lẹ̀" nígbà tí wọ́n sọ fún un pé "ìka"?

Ohun tí mo mú wá ni "afura".

Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe wà lẹ́nu wa. Bí nǹkan kan bá ń bọ̀ tí a ò tíì rí i, a ó ní "ara ń fu mí". Ara gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú gbólóhùn náà, kì í ṣe ọkàn, kì í ṣe orí. Ẹni tó fura lè ṣe déédéé, ó sì lè ṣì í, àṣìṣe yẹn ò sì ní kó máa jẹ́ ìfura mọ́. Afura tó fi ata pe iná ṣì jẹ́ afura. Àwọn àgbà ní páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Iṣẹ́ tí òwe yẹn ní kí páńsá ṣe ni TRPV1 ń ṣe lórí ahọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní fífura ń rùn, pé olè àti ọ̀tá ni à ń fura sí. Ẹ ṣàkíyèsí pé "sí" ló gbé ọ̀tá wọ inú ọ̀rọ̀ náà. "Ó ti fura kí a tó dé" kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé ó mọ̀.

Ìwà kan tún wà tí "afura" gbà, tí agbàròyìn ò lè gbà. Bí nǹkan ò bá yí padà, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń dákẹ́. Fìlà tó wà lórí rẹ láti àárọ̀, o ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tó wọ ilé tí wọ́n ti ń se irú á gbọ́ òórùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bó bá jókòó pẹ́ kò ní gbọ́ ọ mọ́, irú ò sì kúrò lórí iná. Agbàròyìn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tuntun ló ń mú kéèyàn fura.

Lórí ohun tó ń gba inú iṣan lọ, "àmì" tó mi. Ẹ jẹ́ ká fi "ìròyìn" sílẹ̀ fún ohun tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ bá rò jọ. Ìròjọ yẹn kì í tilẹ̀ í dúró de ọpọlọ. Ojú kan ṣoṣo ní afura ìmọ́lẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 126, nǹkan bí mílíọ̀nù 120 nínú wọn fún òkùnkùn àti wíríwírí, mílíọ̀nù 6 fún àwọ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù kan péré ni okùn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ojú ti sẹ́ ẹ bí ẹní sẹ́ ògì kó tó rán an.

Oríṣi mẹ́ta ni afura àwọ̀ pín sí, ẹnìkan nínú wa sì so wọ́n pọ̀ mọ́ funfun, dúdú àti pupa, àwọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá ń dárúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ti dúdú tàbí ti funfun nínú wọn. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Àwọ̀ pupa aṣọ ìpò tí àwọn Bùnú máa ń hun láyé àtijọ́ kò ti ara ẹyọ kan wá. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe dáhùn sí i, tí a fi wọ́n wé ara wọn, ni pupa ti jáde.

Ní ti "ìmọ̀lára", ìbínú, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ló ti ń jẹ́ nílé ìjọsìn àti lórí rédíò, a ò lè gbà á padà mọ́. Ẹ má sì sọ pé ọ̀nà tí ara ń gbà mọ nǹkan kò ju "márùn-ún" lọ, ìyẹn ojú, etí, imú, ẹnu àti awọ ara. Ihò róbótó mẹ́ta tó kún fún omi wà nínú etí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé orí ń yí, tí òòyì fi ń kọ́ ọmọ tó bá ń pòòyì. Àwọn afura mìíràn wà nínú iṣan ẹran ara àti oríkèé tó jẹ́ kí o lè di ojú kí o sì fi ìka kan imú láìṣì í. Ardem Patapoutian, ẹnìkejì tó gba ẹ̀bùn 2021 yẹn, wà lára àwọn tó fi ẹnu-ọ̀nà tiwọn hàn. Níbo ni "márùn-ún" máa kó ìwọ̀nyí sí?

Nítorí náà: afura ìmọ́lẹ̀, afura ìró, afura òórùn, afura adùn, afura ooru, afura ìfọwọ́kàn, afura òòyì. Èyí tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn ni ti oríkèé. Mo kọ "afura ìdúró", ṣùgbọ́n ẹni tó sùn sílẹ̀ náà mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ará Ọ̀wẹ́ àti Ọ̀wọ́rọ̀, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà lẹ́nu àwọn àgbà yín fún kéèyàn mọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun wà láìwò ó, ẹ fi ránṣẹ́. Kí àbúrò wa ní Ìsánlú gbé ìyókù lọ sí kíláàsì, pẹ̀lú ata rodo díẹ̀, kó sì sọ fún wa èyí tí àwọn ọmọ náà ń pè láìsí pé ó rán wọn létí.