Owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí mọ́tò tí mo fẹ́ gbé bọ̀ láti Houston

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mò ń kó bọ̀ wálé láti Houston, mo sì fẹ́ gbé Toyota Camry 2015 mi bọ̀. Àjẹ́ńtì kan ní èbúté Tin Can l'Ékòó dá iye gọbọi lé mi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ là á yé mi: èwo ni ti kọ́sítọ́ọ̀mù, èwo ni tirẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n já a sí Kútọnu, kí n wà á gba Sẹ̀mẹ̀. (Ẹ̀gbọ́n mi náà sì mọ̀ pé láti 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé!)

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é láìpẹ́, ṣé nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò) ni wọ́n fi ṣírò tiyín, àbí iye tí ẹ rà á? Bọ́ǹpà iwájú rẹ̀ ti fọ́. Ṣé wọ́n á tìtorí ìyẹn dín owó kù?