Fíríìjì nínú ọkọ̀ ojú omi: bátìrì mi kì í di àárọ̀

Apẹja Láfẹ́nwá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Odò Ògùn ni mo ti ń pẹja. Mo ra fíríìjì kékeré, 12V, sínú ọkọ̀ kí ẹja má baà bàjẹ́ kó tó dé ọjà. Bátìrì mọ́tò 75Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè kó pamọ́) ló ń gbé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná pupa á ti máa ṣẹ́jú, fíríìjì á sì kú. Ó ń dùn mí gan-an. Ṣé kí n ra irú bátìrì yìí kan sí i?

Wáyà Kútọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Bátìrì mọ́tò wà fún sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe fún gbígbé ẹrù mọ́jú. Irú fíríìjì yẹn máa ń fa iná nǹkan bí 4A sí 5A (áńpù) tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ooru Abẹ́òkúta yìí, ó lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 12 lójúmọ́. Ìyẹn tó nǹkan bí 48Ah sí 60Ah. Bátìrì ásíìdì, irú tiyín yẹn, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ fi mítà wò ó: 12.7V, ó kún, 12.2V, ó ti kù sí ìdajì. Tó bá jẹ́ èmi ni, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 100Ah pẹ̀lú sólà 200W ni màá rà. Ẹ lo wáyà tó nípọn, kí ẹ sì fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì.

Ẹlẹ́ja Ìtòkú: Ibo lẹ gbé fíríìjì náà sí? Tí tapólì bá bo ẹ̀yìn ẹ̀, ooru ò ní ríbi jáde, kò ní sinmi láéláé. Ẹ kọ́kọ́ fi yìnyín mú ẹja náà tutù kí ẹ tó kó o sínú ẹ̀.

Apẹja Láfẹ́nwá: Abẹ́ tapólì ló wà lóòótọ́! Màá gbé e síta lálẹ́ yìí.